Ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn tó ń se ewé oleander mu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá lórí ìwé ìròyìn yìí. Mi ò kì í sábà kọ lẹ́tà sí yín, kíkà ni mo máa ń kà yín jẹ́jẹ́ mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tó jáde lójú ìwé ìlera yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ń to àwọn ewé tó ní wọ́n dáa fún ọkàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó wá dé orí oleander, ó ní kéèyàn já ewé ẹ̀ díẹ̀, kó sè é, kó máa mu omi ẹ̀ láràárọ̀, pé ó máa ń fa omi kúrò lára tó bá wú, ó ń fún ọkàn lágbára, ó tún ń pa jẹjẹrẹ. Ó parí síbẹ̀, ó bọ́ sórí ewé tó kàn. Kò kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni, kò sọ pé májèlé lohun tóun ń pè ní àgbo yẹn, kò sọ pé ó lè dá ọkàn èèyàn dúró. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ gbé àtúnṣe náà sójú ìwé kan náà tí ti àkọ́kọ́ wà, kí lẹ́tà ẹ̀ sì tóbi tó ti tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó ti gé tàkọ́kọ́ pamọ́ tàbí tó ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp kò ní wá àtúnṣe kékeré kan tó sá pamọ́ sí igun ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ igi tí mò ń sọ, kó má lọ di pé a ń pe igi mìíràn mọ́ ọn. Oleander, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nerium oleander, igi ọ̀ṣọ́ ni, kì í ga lọ títí, ewé ẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, mẹ́ta mẹ́ta ló sì sábà máa ń yọ lójú kan náà lára ẹ̀ka. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè wo ewé yẹn kó rò pé eucalyptus ni. Òdòdó ẹ̀ lè funfun, ó lè pọ́n, ó lè jẹ́ pínkì, òmíràn sì máa ń ta sánsán. Láti agbègbè òkun Mẹditaréníà títí wọ ilẹ̀ Éṣíà ló ti ṣẹ̀ wá kó tó di pé wọ́n gbìn ín káàkiri ayé, torí igi tí ò ní wàhálà ni, oòrùn ò rí i pa, ọ̀dá ò rí i pa, ẹran kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbìn ín sáàárín àwọn títì márosẹ̀ ní California, tí wọ́n sì ń pe Galveston ní Texas ní ìlú oleander, láti 1841 ni wọ́n ti mú un débẹ̀. Ní Hiroshima ní Japan, òun ni òdòdó tí ìlú náà mú ní tiwọn, torí ó wà lára ohun tó kọ́kọ́ yọ òdòdó padà lẹ́yìn bọ́ǹbù 1945. Èmi náà fẹ́ràn àtimáa wò ó. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ gé tiẹ̀ dànù, wíwò ni ká máa wò ó, ká má sè é.

Kò sí apá kan lára igi yìí tí kò lóró. Ewé ni o, òdòdó ni o, èso, èèpo, gbòǹgbò, títí kan oje tó ń jáde tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ. Oró náà pọ̀ lóríṣiríṣi, àmọ́ èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni oleandrin. Ohun tó wá ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n rò pé iná máa ń pa oró, pé ohunkóhun tó bá ti hó dáadáa, ewu ti kúrò nínú ẹ̀. Ti oleander ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ńṣe lomi gbígbóná ń fa oró yẹn jáde látinú ewé bọ́ sínú ìkòkò, wọ́n á wá sẹ́ ewé dànù, wọ́n á gbé omi mu, bẹ́ẹ̀ inú omi yẹn loró wà. Sísá sóòrùn náà kì í pa á, àwọn tó ń sin màlúù àti ẹṣin mọ èyí dáadáa, ẹran kì í fẹ́ jẹ ewé tútù ẹ̀ torí ó korò, àmọ́ tí wọ́n bá gé ẹ̀ka ẹ̀ tó gbẹ, tó wá dà pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ tí wọ́n ń kó fún wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́ ọn, òmíràn á sì kú. Kódà èéfín igi ẹ̀ tí wọ́n bá fi dáná kò dáa fún ẹni tó ń fà á símú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣebí kòkòrò ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, kòkòrò kékeré yẹ́lò kan wà tó máa ń bo ẹ̀ka ẹ̀ pátápátá tó ń mu oje ẹ̀, àmọ́ ara tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, àní ńṣe ni wọ́n ń tọ́jú oró náà sára kí ohun tó fẹ́ jẹ wọ́n lè pa wọ́n tì.

Kí ló ń ṣe nínú ara gan-an? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹran ọkàn wa ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́ńpù, tó ń ti èròjà kan tó ń jẹ́ sodium síta tó sì ń fa òmíràn tó ń jẹ́ potassium wọlé tọ̀sántòru láìsinmi, òun ló ń jẹ́ kí ọkàn mọ ìgbà tó yẹ kó fún mọ́ra àti ìgbà tó yẹ kó tú. Oleandrin máa ń lẹ̀ mọ́ pọ́ńpù yẹn, á sì dá a dúró. Sodium á wá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, calcium á tẹ̀ lé e, ọkàn á máa fún mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá kéré gan-an, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀ lè sọ pé ara òun fúyẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Tó bá lé díẹ̀ sí i, bí ọkàn ṣe ń lù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, á máa lọ́ra, á máa fò, iná kékeré tó máa ń gba òkè ọkàn wá sísàlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́, potassium á sì kún inú ẹ̀jẹ̀ torí kò rí ibi wọ̀. Ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń rí ni pé ẹni náà á máa bì, inú á máa run ún, ó lè máa yàgbẹ́ gbuuru, òòyì á kọ́ ọ, ojú ẹ̀ á máa ṣú, òmíràn á máa rí gbogbo nǹkan ní yẹ́lò. Àwọn ará ilé á ní nǹkan tó jẹ ló ṣe é, wọ́n á ní kó lọ sùn sí i, bẹ́ẹ̀ ọkàn ẹ̀ ló wà nínú wàhálà níbi tó sùn sí yẹn.

Mo mọ ibi tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti gbọ́ ọ, torí òótọ́ kékeré kan wà nídìí ẹ̀, òótọ́ kékeré yẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Oògùn kan wà tí dọ́kítà máa ń kọ fáwọn kan tí ọkàn wọn ń dààmú, digoxin lorúkọ ẹ̀, ara ewé foxglove ni wọ́n ti rí i, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọkàn sì bá ti oleandrin mu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo digoxin yìí. Àwọn gan-an ni wọ́n fi ojú ìwé yín hàn mí, wọ́n ní ṣé mi ò rò pé ó yẹ káwọn fi hóró oògùn yìí sílẹ̀ káwọn wá máa mu ewé, torí ewé ni Ọlọ́run dá, kò ní kẹ́míkà. Àyà mi já. Mo ní kí wọ́n gbé páálí oògùn wọn wá ká jọ wò ó, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mílígíráàmù 0.25, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá mú gíráàmù kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ pín in sọ́nà 4,000, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé mì lóòjọ́. Dọ́kítà tó kọ ọ́ fún wọn ò sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀ o, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ń wo kíndìnrín wọn, wọ́n ń wo potassium wọn, torí àárín ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń pani ò jìnnà síra fún irú oògùn yìí. Ohun tí wọ́n ṣọ́ tó báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ewé tẹ́nikẹ́ni ò wọ̀n rọ́pò. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni kéèyàn máa mu méjèèjì pọ̀, torí ojú kan náà làwọn méjèèjì ń lọ lẹ̀ mọ́, ọ̀kan á máa gun èkejì lórí.

Ẹ tiẹ̀ wo bí foxglove fúnra ẹ̀ ṣe di oògùn. Ní 1775, wọ́n wá bi dọ́kítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Withering léèrè nípa àgbo tí ìyá àgbà kan ń ṣe fáwọn tí ara wọn ń wú, oríṣi ewé tó wà nínú ẹ̀ á tó 20. Ó wò ó dáadáa, ó rí i pé nínú gbogbo ewé yẹn, foxglove ló ń ṣiṣẹ́. Kò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ẹ̀ kiri o, nǹkan bí ọdún 10 ló fi dán an wò, tó ń kọ ẹni tó yá sílẹ̀, tó ń kọ ẹni tí ò yá sílẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1785, ó sì kọ àmì àlòjù ẹ̀ síbẹ̀ kedere, èébì, ọkàn tó ń lọ́ra, ojú tó ń rí nǹkan ní yẹ́lò àti gíríìnì. Ìgbà tó tún di 1930 ni Sydney Smith tó yọ digoxin gan-an jáde látinú ewé, tí wọ́n fi lè máa wọ̀n ọ́n sínú hóró oògùn. Gbogbo sùúrù yẹn lórí ewé kan ṣoṣo. Oleander ò tíì dé ibẹ̀ rárá, kò sẹ́ni tó lè wo ewé ẹ̀ lójú kó sọ iye oleandrin tó wà nínú ẹ̀, torí ti gbòǹgbò yàtọ̀ sí ti ewé, ti ìgbà kan nínú ọdún yàtọ̀ sí ti ìgbà mìíràn, igi kan yàtọ̀ sí èkejì. Ife tẹ́ni kan mu lánàá tí nǹkan kan ò ṣe é, ife tòní tó sè lára igi kan náà lè jù ú lọ dáadáa, kò sì ní mọ̀ títí á fi gbé e mì.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí ò bá jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Àmọ́ irú èrò yẹn gan-an ló ń kó àwọn tó ń lo oleander sí yọ́ọ́yọ́ọ́, torí tí ara ò bá yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ewé ò tó ni, wọ́n á já sí i, wọ́n á jẹ́ kó pẹ́ sí i lórí iná, tí ẹni náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n á ní àìsàn ló ń jáde yẹn, wọ́n á tún bu òmíràn fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o, tẹ́ni tó mu oleander bá ń bì, májèlé ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. Ní 1985, àwọn dọ́kítà kọ ìròyìn obìnrin kan tó mu omi ewé oleander bí ẹni mu tíì, potassium ẹ̀ ga kọjá ààlà, ọkàn ẹ̀ ò gbà á, ó sì kú.

Àwọn kan á ní àwọn ò kúkú mu ún, pé fífi pa ara làwọn ń fi pa ara. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fi oje ewé ẹ̀ tọ́jú làpálàpá àti ìfọ́n àti ara yíyún láwọn ibì kan ní Éṣíà àti Àríwá Áfíríkà, ní Morocco tí wọ́n ti ń pè é ní defla, wọ́n tún ń lò ó fún ìtọ̀ ṣúgà. Àmọ́ ní 2004, àwọn dọ́kítà tún kọ ìròyìn aláìsàn kan tó ń fi oleander tọ́jú psoriasis, ìyẹn àìsàn awọ tó máa ń pọ́n tó sì máa ń ṣí bí èépá, awọ ló gbà wọlé sára ẹ̀, iná tó ń gba òkè ọkàn wá sísàlẹ̀ sì já pátápátá. Ẹ wá ronú ara ọmọ kékeré tí ìfọ́n ti họ, tí wọ́n wá gún ewé tútù yẹn tí wọ́n fi kùn ún látorí dẹ́sẹ̀. Oògùn ìfọ́n àti oògùn làpálàpá tó dáa wà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kò sídìí tó fi yẹ ká gbé ọkàn ọmọ sínú ewu torí ara yíyún.

Wọ́n tún ń lo gbòǹgbò ẹ̀ láti fi ṣẹ́ oyún láwọn ibì kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ìyẹn ò pọ̀, ìyá ló máa ń bá a lọ.

Ti jẹjẹrẹ ló dùn mí jù nínú ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, torí ẹni tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún lọ́sibítù, kò sóhun tẹ́ ẹ gbé síwájú ẹ̀ tí kò ní mu. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Dọ́kítà ọmọ ilẹ̀ Turkey kan, Hüseyin Ziya Özel, ló ń fi omi ewé oleander tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ó gba páténtì ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1992, oògùn náà sì di ohun tí wọ́n ń pè ní Anvirzel. Wọ́n dán an wò lára èèyàn, èsì ẹ̀ jáde ní 2006, èèyàn 18 tí jẹjẹrẹ wọn ò gbọ́ oògùn mọ́ ni wọ́n fún, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un fún wọn, wọ́n sì wà lábẹ́ ojú dọ́kítà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n rí i pé kókó jẹjẹrẹ ẹ̀ sún kì. Ó yẹ kí n fi òdodo sọ ọ́ pé ìpele àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò yẹn, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ jù níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí ara lè gbà, torí náà kò tíì parí ẹjọ́. Àmọ́ látibẹ̀ dé ibi tẹ́nì kan á fi máa sọ fáwọn òǹkàwé yín pé kí wọ́n já ewé kí wọ́n sè é, ọ̀nà jìn púpọ̀. FDA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ò fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Ó tún gbérí nígbà Kòrónà. Ní 2020 àwọn onímọ̀ kan láwọn rí i nínú láàbù pé oleandrin ń dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ tó wà nínú àwo láàbù ni wọ́n lò, ariwo wá ta débi pé ọ̀rọ̀ náà dé etí ààrẹ Amẹ́ríkà. Lóṣù August ọdún yẹn, FDA kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ò gbà kí wọ́n máa tà á bí àfikún oúnjẹ. Ohun tó lè pa fáírọ́ọ̀sì nínú àwo láàbù pọ̀ lọ súà, èyí téèyàn lè gbé mì nínú wọn tí ò ní pa òun náà ni ò pọ̀. Títí di báyìí, mo ṣì ń rí fídíò tí wọ́n ń fọ́wọ́ọ̀dù kiri lórí ọ̀rọ̀ yẹn bíi pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fọ́wọ́ọ̀dù apá tí wọ́n ti kọ̀ ọ́.

Irú kan tún wà tí òdòdó ẹ̀ yẹ́lò, olómi-òjò làwọn kan ń pè é, Cascabela thevetia tàbí Thevetia ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mọ̀lẹ́bí oleander ni, oró inú ẹ̀ sì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lára ọkàn, kóró inú èso ẹ̀ ló tún burú jù. Ẹ má rò pé ẹni tó já a lára igi nìkan ló lè kó sí i lọ́wọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta oògùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń dín ara sísanra kù, wọ́n kọ ọ́ sára ike ẹ̀ pé gbòǹgbò tejocote, igi eléso kan láti Mexico, ni. Ní 2022, ọmọ kékeré kan ní New Jersey tí ò tíì pé ọmọ ọdún méjì kó o sẹ́nu, ó di ọ̀sibítù. Ìgbà tí wọ́n ra irú oògùn yẹn oríṣi 10 láti fi ṣe àyẹ̀wò, 9 nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé olómi-òjò ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì gbé èsì náà jáde ní 2023. Ohun tó wà nínú ike nìyẹn o, tó ní lébẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi owó gidi rà. Tí ike tó ní lébẹ́ẹ̀lì bá lè parọ́ báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ewé gbígbẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí ò ní orúkọ?

Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi àsọdùn gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ọmọ ogun kan fi igi oleander gún ẹran láti fi yan án, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n kú. Àwọn tó dán an wò ní láàbù rí i pé oleandrin tó ń wọ inú ẹran láti ara igi yẹn kéré gan-an, torí náà ẹ má fi ìtàn yẹn sínú àtúnṣe yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹni tó bá ti mọ̀ pé irọ́ ló ṣeé ṣe kó jẹ́ á ní gbogbo yòókù náà irọ́ ni. Èèyàn tó fọwọ́ kan igi yìí tó sì fọ ọwọ́ ẹ̀, nǹkan kan ò ní ṣe é. Mímu àgbo ẹ̀ ni mò ń pariwo lé lórí, jíjẹ ẹ́, àti fífi pa ara.

Mi ò sì bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Ara èèpo igi ni quinine tí wọ́n fi ń wo ibà ti wá, ara ewé ni artemisinin tó tún wà fún ibà ti wá, bí digoxin náà ṣe wá, mo sì mọ̀ pé ẹni tó mọ ewé dáadáa lára wọn máa ń mọ èyí tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwọn tó ń kọ́ ewé lórí fóònù, tí wọ́n gbọ́ orúkọ ẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ti di olùkọ́ ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ohun tí mo tún ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin olóòtú, ni pé kẹ́ ẹ wá ẹnì kan tó mọ̀ nípa oògùn, ì báà jẹ́ oníkẹ́míìsì kan ṣoṣo, tí á máa ka ojú ìwé ìlera yín kó tó jáde. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kó máa bi í: ṣé ó lè pani, ìwọ̀n wo ló léwu, ta ni ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ká ní wọ́n bi àwọn ìbéèrè yẹn nípa oleander ni, gbólóhùn yẹn ò ní jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí tó kù yìí bó ṣe wà, torí ẹnì kan lè ti mu ún ná. Tẹ́nì kan bá ti mu àgbo oleander tàbí tó jẹ ẹ́, ẹ má dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í bì kẹ́ ẹ tó gbé e, ọ̀sibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ọ̀sibítù tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù tẹ́ ẹ bá lè rí i. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì da ohunkóhun sí i lẹ́nu láti fi mú un bì. Wọ́n lè fún un ní èédú lọ́sibítù, àmọ́ èédú oògùn ni o, kì í ṣe èyí tá a fi ń dáná, ẹ má lọ gún ìyẹn fún un nílé. Èédú oògùn yẹn kì í ṣe nǹkan yẹ̀yẹ́, ní Sri Lanka níbi tí olómi-òjò ti ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ọ̀sibítù, àwọn dọ́kítà kọ ọ́ jáde ní 2003 pé nínú àwọn tí wọ́n ń fún un léraléra, 2.5 nínú 100 ló kú, nínú àwọn tí wọn ò fún léraléra, 8 nínú 100. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe fún digoxin tó lè gbá oró yìí mú nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀sibítù ni ò ní in nílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè débẹ̀ kí wọ́n lè ráyè wá a. Kó má ṣe pé ara ẹ̀ balẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ wá gbé e padà sílé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó máa lọ. Ẹ mú ẹ̀ka igi náà dání tàbí àgbo tó ṣẹ́ kù, ẹ ya fọ́tò igi náà sórí fóònù, ẹ sọ orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, pàápàá tó bá ń lo digoxin, kẹ́ ẹ sì sọ fún dọ́kítà pé ewé oleander ló mu àti ìgbà tó mu ún, kódà tó bá jẹ́ pé ohun tó tìtorí ẹ̀ mu ún jẹ́ ohun tójú ń tì í láti sọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.